Ṣé ohun èlò kan ṣoṣo ni kí ayàwòrán fara mọ́, àbí kí ó máa dán oríṣiríṣi wò?

Gègé Ìjẹmọ̀ béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ ọnà. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, àwòrán inú ìwé ọmọdé ni mo sì fi ń jẹun. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa ń ya iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún mi, nítorí pé àwọn tó ń tẹ ìwé jáde fẹ́ kí iṣẹ́ tètè dé, wọ́n sì tún fẹ́ kí a lè pa àwọ̀ ẹ̀wù ọmọ kan dà kíákíá nígbà tí ọkàn wọn bá yí padà. N kò rí ohun tó burú nínú èyí. Àmọ́ àwòrán kan wà tí mò ń yà fún ara mi, tí kò sí ẹni tó bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀: àwọn obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, tí ara wọn, àga wọn àti aṣọ tí wọ́n tò síwájú yóò jẹ́ bátànì àdìrẹ láti òkè délẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wò ó yóò ní láti wá ènìyàn inú rẹ̀ kí ó tó rí i.

Nítorí àwòrán yìí ni mo ṣe kó wọ inú oríṣiríṣi ohun èlò. Mo ti lo ọ̀dà olómi, mo ti lo èédú, mo ti fi gègé àti tàdáwà yà á, mo sì ti gbẹ́ ẹ sára líno, ohun pẹlẹbẹ tí abẹ ń wọ̀, tí mo wá tẹ̀ sórí bébà. Olúkúlùkù ló ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀dà olómi gbé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ jáde lọ́nà tí tábúlẹ́ẹ̀tì mi kò lè gbà ṣe é. Líno fún mi ní ìlà tó le tó sì dá ṣáká. Èédú dára fún ojú àgbà, ṣùgbọ́n kò wúlò fún bátànì wẹ́wẹ́ rárá.

Ohun méjì ló wá ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́ ni pé nígbà tí mo kó àwọn àwòrán náà han olóòtú kan, ó ní ó dà bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin ló yà wọ́n. Ṣé kí n mú ọ̀kan kí n sì pa ìyókù tì ni? Èkejì ni ti funfun. Bí mo bá fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí búlúù, kì í jọ àdìrẹ. Ó máa ń jọ ohun tí a kùn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ibi tí aró kò dé ni funfun ara àdìrẹ máa ń jọ. Báwo ni mo ṣe lè rí irú funfun bẹ́ẹ̀ lórí bébà?

Ìyá Aláró dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò mọ bí a ti ń yàwòrán sínú ìwé, nítorí náà ìbéèrè kejì nìkan ni n ó fọwọ́ kàn. Ẹ ti dáhùn rẹ̀ fúnra yín, nítorí pé ibi tí aró kò dé náà ni funfun àdìrẹ jẹ́ lóòótọ́. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń yọjú. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni a ń sè pẹ̀lú álúmù títí tí yóò fi ki, òun ni a ó sì fi dí ojú aṣọ níbi tí a kò bá fẹ́ kí aró mu. Àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ ọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ náà sára aṣọ, ṣùgbọ́n níhìn-ín lọ́dọ̀ àwa Ẹ̀gbá, páànù tí a gé bátànì sí lára ni iṣẹ́ wa gbajúmọ̀ fún jù. Àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń gé páànù náà, àwọn obìnrin a wá gbé e lé aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ tẹ̀ ẹ́ láti ojú ihò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí páànù yìí, torí pé ó kan ayàwòrán. Ohunkóhun tí a bá gé yí po lára páànù yóò já bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹyinjú kan wà láàárín òrùka, ẹ gbọ́dọ̀ fi páànù tín-ín-rín sílẹ̀ láti so ó mọ́ ara òrùka náà, kí ó lè dúró. Ìdí nìyẹn tí ewé, ẹyẹ àti ẹja ara àdìrẹ onípáànù fi máa ń ní àlàfo kéékèèké nínú ara wọn. Ẹ wo bátànì Olóba, èyí tí wọ́n ṣe nítorí àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí King George V, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gorí oyè, ní 1935. Ọba àti ayaba ló wà láàárín aṣọ náà, síbẹ̀ ègé kéékèèké ni wọ́n fi to ojú àti ẹ̀wù wọn. Bí àwọn obìnrin inú àwòrán yín bá ní ìlà tó lọ gbọọrọ láti orí dé ẹsẹ̀ láìjá, ẹni tó mọ àdìrẹ onípáànù yóò mọ̀ pé gègé ló yà á, irú funfun yòówù kí ẹ rí lò.

Ohun kan tún wà. Funfun wa kì í fi bẹ́ẹ̀ funfun. Ẹ̀kọ kì í dí aró tán pátápátá, díẹ̀ a máa wọlé, pàápàá nígbà tí aṣọ bá ti wọ inú ìkòkò léraléra, nítorí náà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹ ó rí níbi púpọ̀ tí ojú ń pè ní funfun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki bébà bọ inú aró o. Kọ́sítíìkì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò báyìí dípò omi eérú ń jó awọ ọwọ́, áḿbọ̀sìbọ́sí bébà.

Olùkọ́ Ọnà dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá wí, mo sì fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un tí ẹ lè ṣe lórí tábìlì láìní ìkòkò aró. Ẹ ra ọ̀dà pósítà funfun, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò, kí ẹ sì wá tàdáwà India, èyí tí omi kò lè ṣí kúrò bó bá ti gbẹ. Ẹ fi ọ̀dà náà kun gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ kó ṣẹ́ kù ní funfun, kí ó ki dáadáa, kí ó sì gbẹ délẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ tẹ́ tàdáwà bo gbogbo bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìpààrà ojú kan, nítorí pé bí ẹ bá ń pààrà, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ yóò yọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Bí tàdáwà bá gbẹ tán, ẹ gbé bébà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, kí ẹ máa fi ìka fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀dà pósítà yóò yọ́, yóò sì gbé tàdáwà orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tàdáwà tó fara kan bébà ní tààrà yóò dúró. Ibi tí ọ̀dà kò bá ki tó ni tàdáwà yóò ti wọlé díẹ̀díẹ̀, ohun tí Ìyá sì ń sọ nípa funfun tí kò funfun tán nìyẹn, ẹ kò ní ṣe wàhálà kankan kí ẹ tó rí i.

Bébà fẹ́lẹ́ onígíráàmù 80 tí a fi ń tẹ̀wé yóò ya mọ́ yín lọ́wọ́. Onígíráàmù 300, èyí tó nípọn, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pákó kí ó má baà ká kò. Nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ yìí yá. Nígbà òjò, sùúrù ni.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, n kò rò pé òfin kan wà tó kárí gbogbo ènìyàn. Nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn ti Òṣogbo jáde lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní 1964, Jimoh Buraimoh rí ìlẹ̀kẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́, Twins Seven-Seven sì mú tàdáwà àti pákó pẹlẹbẹ. Ti Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tó tún ń tẹ̀wòrán, yàtọ̀. Kò yéé dán nǹkan wò, débi pé láti inú ìjàǹbá ásíìdì tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1967 ni ó ti ṣàwárí ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tí ó pè ní plastography. Ní ọdún kejì rẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyinká, ọmọ Abẹ́òkúta, túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì jáde, Onobrakpeya kan náà ló sì ya àwòrán inú rẹ̀. Ohun tí èmi ń tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n di kókó-ọ̀rọ̀ kan mú, kí wọ́n máa pààrọ̀ ohun èlò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin ti di Ìtòkú mú, ẹ kò sì sọnù.

Olóòtú Àwòrán dáhùn pé:

Èmi náà ń ṣe olóòtú ìwé ọmọdé, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni olóòtú tí ẹ ń sọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ gbé àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ gbójú kúrò lára ọ̀dà, kí ẹ wo bí ẹ ṣe ya ìka ọwọ́, ọrùn, àti bí ènìyàn ṣe jókòó. Bí obìnrin inú èédú bá ní ọrùn gígùn, tí ti líno kò sì ní ọrùn rárá, ibẹ̀ ni a ti ń rí èèyàn mẹ́rin. Ọmọ tó ń ka ìwé kò ní bínú pé ọ̀dà yí padà, ṣùgbọ́n yóò béèrè ìdí tí imú ìyá Àdùkẹ́ fi yàtọ̀ lójú ewé kejì.

Ibi tí mo ti yà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Olùkọ́ ni ti iṣẹ́ olówó. Ìwé ọmọdé olójú ewé 32 lè gba pé kí ẹ ya ọmọ kan náà léraléra, nínú oríṣiríṣi ìdúró, láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Ohun èlò tí ẹ kò bá tíì lè fi ṣe ìyẹn, ẹ jẹ́ kó ṣì wà nílé. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ayàwòrán wa nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n ṣe bátànì tàbí àwọ̀ lórí bébà, kí wọ́n fi síkáánà gbé e wọlé ní 300 dpi (ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kan) ó kéré tán, ní ìwọ̀n tí a ó fi tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì to ènìyàn inú rẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí òǹkọ̀wé bá wá ní kí a pààrọ̀ ẹ̀wù, kò sí ẹni tí yóò tún bébà fọ̀. Ẹ má fi fóònù ya àwòrán búlúù lábẹ́ gílóòbù pupa, yóò dà bí eérú. Ẹ sì ṣọ́ra fún aró lọ́dọ̀ atẹ̀wé: búlúù tó jinlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà máa ń di àwọ̀ àlùkò nígbà tí ó bá di CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí atẹ̀wé ń pò pọ̀, bí mágẹ́ńtà (pupa inú rẹ̀) kò bá kéré sí sáyàn (búlúù inú rẹ̀) dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ojú ewé kan fún yín wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Gègé Ìjẹmọ̀ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ páànù tí Ìyá sọ ti yí iṣẹ́ náà padà, nítorí pé àlàfo wọ̀nyẹn gan-an ni yóò jẹ́ kí àwọn obìnrin náà fara pamọ́ sínú bátànì bí mo ti fẹ́. Mo ti pinnu láti gé bátànì sára páálí, kí n fi ọ̀dà pósítà tẹ̀ ẹ́ láti ojú ihò rẹ̀, kí n sì fi èédú sílẹ̀ fún àwòrán àkọ́yà nìkan. Ti ọrùn tí Olóòtú sọ, mo ti wò ó, òótọ́ ni. Ó ku ìbéèrè kékeré kan: tàdáwà búlúù tí a ń rọ sínú gègé ìkọ̀wé ló wà nílé mi, ṣé mo lè lò ó?

Olùkọ́ Ọnà fèsì pé:

Rárá, omi yóò gbé gbogbo rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀dà. Ẹ kán èyí tí ẹ bá fẹ́ rà sára ègé bébà, kí ó gbẹ, kí ẹ sì da omi sí i. Bó bá tàn, ẹ má rà á. Ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí tàdáwà India bá gbẹ sínú irun rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì náà ti parí iṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá Aláró fèsì pé:

Páálí yóò mu omi ọ̀dà, yóò sì rọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tó bí ẹ ti fẹ́. Ẹ yọ́ àbẹ́là, kí ẹ fi pa á lójú méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí ó dì dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ gé e.