Kílò 3 ni síkéèlì mi sọ, wọ́n ní kí n san kílò 6

Ọmọ Onígbá: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Igbá fínfín ni mò ń tà láti Ọ̀yọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń rí oníbàárà, ará Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo di igbá sínú páálí, mo gbé e sórí síkéèlì, kílò 3 géérégé, mo wá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń báni fi ẹrù ránṣẹ́, ọmọbìnrin ibẹ̀ kàn mú téèpù, ó wọn páálí, ó tẹ kaṣulétọ̀, ó ní owó kílò 6 ni màá san. Igbá o, kì í ṣe irin! Àbí wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni? Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn náà tún ní kí n kọ ìwọ̀n ẹrù ní pọ́n-ùn àti áúnsì, kí n kọ ti páálí ní ínṣì. Ẹ gbà mí o.

Ará Ìbàdàn: Olè ni wọ́n jàre, gbé ẹrù ẹ lọ síbòmíì.

Bọ̀dá Kágò: Ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni lólè. Ààyè tí ẹrù gbà nínú bàálù náà, owó ni. Báwo ni páálí yẹn ṣe tóbi sí?

Ọmọ Onígbá: 40, 30, 25, sẹ̀ǹtímítà ni o sà.

Bọ̀dá Kágò: Ẹ fi 40 lọ́nà 30 lọ́nà 25, 30,000 nìyẹn, ẹ wá fi 5000 pín in, 6 yín dé. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú ti síkéèlì àti ti téèpù ni wọ́n máa ń gbà. Àwọn míì ń fi 6000 pín, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá ki igbá kéékèèké bọ inú ńlá, tí páálí 30, 30, 20 sì gbà á, ó ti bọ́ sí 3.6 nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ikùn páálí wú o, ibi tó yọ jù ni wọ́n ń gbé téèpù lé.

Ọmọ Onígbá: Ara fínfín yẹn ò ní ha bí?

Bọ̀dá Kágò: Ẹ fi bébà sáàárín wọn.

Màmá Òrí: Ti pọ́n-ùn yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Áúnsì 16 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, kì í ṣe 10. Kílò 3 máa fún yín ní 6.6, ẹ má lọ kọ pọ́n-ùn 6 áúnsì 6 o, pọ́n-ùn 6 áúnsì 10 ni. Ti páálí, ẹ fi 2.54 pín, kẹ́ ẹ sún un sókè, 16, 12, 10. Ẹni tó bá kọ 40 síbi ínṣì, páálí tó ju mítà kan lọ ló ń san owó ẹ̀ yẹn. Èmi tí mò ń ta òrí ńkọ́, ike tí wọ́n ń pè ní áúnsì 8, ti nǹkan olómi ni áúnsì yẹn, òrí sì fúyẹ́ ju omi lọ, tó bá kún dẹ́nu kò lè tó áúnsì 8 lórí síkéèlì. Giráàmù tí síkéèlì bá sọ ni mò ń kọ sára ike, mo wá kọ áúnsì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Aládìrẹ: Ọ̀rọ̀ aláṣọ náà nìyí. Ọ̀pá 5 ò pé mítà 5, mítà 4.57 ni, ará Jámánì tó bá sì rí 5 lásán, mítà ló máa rò. Méjèèjì ni mò ń kọ.

Ará Ìbàdàn: Bọ̀dá Kágò, ṣé 5000 yẹn náà ni fún ọkọ̀ ojú omi?

Bọ̀dá Kágò: Rárá o. Kúbíkì mítà ni wọ́n fi ń ṣírò ti ojú omi, ẹlẹ́rù púpọ̀ nìyẹn dá fún. Páálí kan ṣoṣo, ẹ gbé e fún bàálù.