Ìgbà wo ni òjò dídì máa ń jókòó lọ́dọ̀ yín ní Fínlándì?

Ìyá Ìbejì, Oulu: Ẹ̀yin ará, ẹ sọ tiyín. Kì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ já o, èyí tó já tí kò yọ́ mọ́ títí di oṣù kẹrin ni mò ń bèèrè. Níbí, ó máa ń tó bí àárín oṣù kọkànlá. Lọ́dún tí mo dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ko ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ojúlówó tó dé.

Ará Turku: Oṣù kọkànlá kẹ̀! Tiwa kì í dúró kí Kérésì tó kọjá. Á já lóru, tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹrẹ̀ ni.

Àkàndé Rovaniemi: Lókè lápá àríwá níbí, ìparí oṣù kẹwàá ló ti máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fi kẹ̀kẹ́ mi ti ògiri lẹ́yìn ilé. Nígbà tí Kérésì fi máa dé, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Táyé: Ọwọ́ nìkan? Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o.

Àkàndé Rovaniemi: Mi ò purọ́. Ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ló ń dà á lé e lórí. Ní Kilpisjärvi, abúlé kan lókè pátápátá ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Fínlándì, lọ́jọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1997, 190 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n wọn èyí tó wà nílẹ̀. Ó ga jù mí lọ.

Ìyá Àgbà: Yìnyín kọ́ nìyẹn. Yìnyín ló ń já lu páànù gbàgbà nílé. Òjò dídì ni Bíbélì pè é.

Táyé: Mà, èyí tó wà nínú fìríìjì ńkọ́? Yìnyín náà ṣá ni.

Ará Turku: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kí ló ń dá tiwa dúró?

Tíṣà Espoo: Òkun ni, etí rẹ̀ ni Turku wà. Ooru tí omi gbà láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ kì í tètè tán nínú rẹ̀. Atẹ́gùn tó gba orí òkun wá á móoru díẹ̀, òjò lásán á sì máa rọ̀ ní Turku nígbà tí Lapland, lápá àríwá lọ́hùn-ún, ti funfun. Àwọn erékùṣù gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń gbẹ̀yìn, ó lè di oṣù kìíní.

Ará Turku: Ẹ ṣé. Èyí tó yọ́ tó tún dì lóru ló gbé mi ṣánlẹ̀ níbùdókọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọwọ́ mi fi wà nínú sìmẹ́ǹtì.

Ìyá Ìbejì, Oulu: Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ ra irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ bàtà. Èmi ò jáde láìso ó mọ́.

Délé: Táyà òtútù, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lórí òjò dídì ńkọ́? Dandan ni?

Tíṣà Espoo: Láti oṣù kọkànlá títí dé ìparí oṣù kẹta, bí ojú ọ̀nà bá ti gba bẹ́ẹ̀, dandan ni.

Ìyá Ìbejì, Oulu: Èmi máa ń retí rẹ̀ gan-an. Òkùnkùn oṣù kọkànlá ló ń wọ̀ mí lára. Alẹ́ tó bá jókòó, iná òpópónà á tàn lára rẹ̀, yàrá àwọn ọmọ á mọ́lẹ̀ láìtan iná.

Táyé: Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, kẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́?

Àkàndé Rovaniemi: Oṣù karùn-ún ni mo tó rí i fà yọ. Ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà.