Èsì: Kí la ó máa pe ẹni tó ń gbé irú eré yìí kalẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa kó wá síwájú wa. Wọ́n fẹ́ kọ ìwé atọ́nà fún ẹni tí kò ní iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn, tó sì fẹ́ máa ṣe irú eré tí ènìyàn mélòó kan ń jókòó ṣe, tí oníkálukú ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹ̀dá kan tí kì í ṣe òun, tí wọ́n sì ń da dáìsì nígbà tí kò bá sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “tabletop role-playing game”. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá lábàá: eré orí tábìlì, òǹkọ̀wé eré adádúró, ọ̀gá eré, àṣeyọrí àbọ̀, ìdánwò àti ìpolongo. Mo bá wọn yọ̀ pé wọ́n dáwọ́ lé iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mi ò fara mọ́, ẹyọ kan ò yọ sílẹ̀. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì sọ nǹkan ni a ń túmọ̀, a ò wo ohun tí ẹni tó ń ṣe é ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú tábìlì kúrò nílẹ̀ ná. Lúdò wà lórí tábìlì, ṣẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀, káàdì náà ń bẹ níbẹ̀. Eyí tí à ń wí yìí, wọ́n ń ṣe é lórí ẹní, wọ́n ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn tí kò fojú kan ara wọn rí. Torí kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ sí ti orí kọ̀ǹpútà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi tábìlì kún un. Ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe bí eré náà. Lọ́dún 1969, ní Amẹ́ríkà, David Wesely ṣètò eré ogun kan tó pè ní Braunstein. Dípò kí oníkálukú máa darí ọmọ ogun, ó fún àwọn kan ní ipò ará ìlú: ẹnìkan jẹ́ olórí ìlú, ẹnìkan jẹ́ ọ̀gá yunifásítì. Kò pẹ́ tí àwọn olùkópa fi dìde kúrò nídìí tábìlì, tí wọ́n ń fa ara wọn sí kọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dìtẹ̀, tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Wesely rò pé eré òun ti bàjẹ́. Àwọn olùkópa ní kó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Dave Arneson, gba ibẹ̀ lọ, òun àti Gary Gygax sì gbé eré tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons jáde ní 1974. Ìgbà tí wọ́n kúrò nídìí tábìlì gan-an ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n gbé ẹ̀dá mìíràn wọ̀. A ti ní “gbé wọ̀” lẹ́nu tipẹ́: a ń gbé ìhámọ́ra wọ̀, a ń gbé ìwà tuntun wọ̀. Eré àgbéwọ̀ ni mo dá lábàá nítorí náà. Ó kúrú, ó rọrùn lẹ́nu, kò sì sí ohun mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ká máa pè é ní eré oníṣe kò rántí pé ibi ìtàgé ti gba orúkọ yẹn, àti pé ẹni tó wà lórí ìtàgé ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí kó tó jáde. Nínú eré àgbéwọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni há. Ní ti ẹni tí olùkópa gbé wọ̀, àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti fún un lórúkọ, ẹ̀dá ìtàn. Ẹ má jẹ́ ká dá òmíràn.

“Òǹkọ̀wé eré” ṣubú nídìí ọ̀rọ̀ kan náà. Òǹkọ̀wé eré ló mọ ohun tí olúkúlùkù máa sọ àti bí ìtàn ṣe máa parí. Ẹni tí à ń wí yìí kò mọ ọ́n, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìlànà ni ó ń tò, pé bí ọ̀rọ̀ bá dé báyìí, ẹ da dáìsì. Bí dáìsì bá sọ báyìí, ẹni báyìí ló kàn láti sọ̀rọ̀. Àwọn àjèjì tí kò ní rí láéláé ni yóò fi ìlànà náà pa ìtàn tí òun alára kò rò. A máa ń sọ pé ènìyàn gbé ètò kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni yìí ní agbérékalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún wúlò fún ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé òfìfo. Eré ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, òfin kan á máa yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ èkejì, títí tí nǹkan náà kò fi ní jọ ti oní-ǹkan mọ́. Àtúngbékalẹ̀ nìyẹn. Ẹnìkan nínú wa pè é ní olè jíjà, mo sì ro pé ó le jù. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ àdàkọ kò bo ọ̀nà tí a ń gbà ṣe eré. Ọ̀rọ̀ tí a fi kọ ọ́ àti àwòrán inú rẹ̀ ló bò.

Adádúró ńkọ́? Ó dùn létí, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Agbérékalẹ̀ tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ṣì nílò olóòtú, ó nílò ayàwòrán, ó nílò àwọn tí yóò bá a dán eré wò lálaalẹ́. Bí a bá kọ adádúró síwájú ìwé atọ́nà, ọ̀dọ́ tó bá kà á yóò rò pé wọ́n ní kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni. Lórí The Forge, ìkànnì tí àwọn agbérékalẹ̀ ti ń jíròrò, tí Ron Edwards wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún yìí, ibi tí wọ́n sì fẹnu kò sí ni pé ẹni tó ṣe eré náà ni kó ni ín, kó sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bí iye ènìyàn tó ràn án lọ́wọ́ ṣe pọ̀ tó kò kàn wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó sọ èyí láìkù síbì kan: aládàáni. “Dá ni” ló ti wá, kí ènìyàn fúnra rẹ̀ ni nǹkan. Ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn, iléeṣẹ́ aládàáni, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé iléeṣẹ́ ńlá tó ń tẹ irú eré bẹ́ẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjọba, pé aládàáni ni wọ́n pẹ̀lú. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n gbà síbẹ̀ láti gbé eré kalẹ̀ kò ni eré náà. Agbérékalẹ̀ aládàáni ni ẹni tó ṣe é tó sì tún ni ín.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé níní yìí kò tó nǹkan, kó rántí oṣù kìíní ọdún 2023. Láti ọdún 2000 ni Wizards of the Coast, iléeṣẹ́ tó ni Dungeons & Dragons, ti fún gbogbo ayé ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa fi ìpìlẹ̀ òfin Dungeons & Dragons kọ́ ti ara wọn, ọ̀pọ̀ sì ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Lójijì ni àkọsílẹ̀ ìwé àṣẹ tuntun já síta, tí ó fẹ́ mú ti àtijọ́ kúrò. Ariwo sọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, iléeṣẹ́ náà jáwọ́, wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ òfin náà sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons tó gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, èyí tí wọn ò lè gbà padà. Ọ̀pọ̀ agbérékalẹ̀ kò dúró dìgbà yẹn. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin tara wọn.

Ọ̀gá eré: rárá o. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò rí orúkọ kan ṣoṣo fún ẹni tó ń darí ìjókòó eré, oríṣiríṣi eré ló ń pè é ní oríṣiríṣi. Òun ló ń sọ ohun tí àwọn ẹ̀dá ìtàn rí, tó ń fọhùn fún gbogbo ẹni tí olùkópa kò gbé wọ̀, tó ń mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yára. Atọ́kùn ni. Bí atọ́kùn ètò orí rédíò ṣe ń fún àlejò ní àyè, tó ń já ọ̀rọ̀ gbà, tí ètò kò sì jẹ́ ti baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó tún rọrùn láti yọ kúrò: Fiasco tó jáde lọ́dún 2009 jẹ́ eré aláìlátọ́kùn. Ẹ gbìyànjú “eré aláìlọ́gàá” wò, á dà bí ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ dàrú.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró pẹ́ sí ni àṣeyọrí àbọ̀, torí pé níbẹ̀ ni ìwé atọ́nà náà ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Nínú Apocalypse World tí Vincent Baker àti Meguey Baker gbé kalẹ̀ ní 2010, olùkópa ń da dáìsì méjì olójú mẹ́fà, á ro wọ́n pọ̀, á sì fi nọ́ńbà kékeré kan tó jẹ́ ti ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kún un. Bó bá di 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ 6 tàbí kó dín, atọ́kùn ló kàn, kò sì ní fi ọwọ́ rírọ̀ mú un. 7 sí 9 ló wà láàárín, òun sì ni wọ́n fẹ́ pè ní àṣeyọrí àbọ̀. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. Láìfi nǹkan kan kún un, 6 nínú wọn ló ń fúnni ní 10 sókè, 15 ló ń fúnni ní 7 sí 9, 15 tó kù sì bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ fi 1 péré kún un, ó di 10 lókè, 16 láàárín, 10 nísàlẹ̀. Àárín ló wá tóbi jù, agbérékalẹ̀ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń wá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín yẹn? Ká ní ẹ̀dá ìtàn mi fẹ́ fo ògiri kí ẹ̀ṣọ́ tó dé, mo da 8. Mo fo ògiri náà tán pátápátá, ṣùgbọ́n àpò mi wà lódì kejì. Tàbí kí atọ́kùn ní kí n yàn: àpò mi, tàbí kí ẹ̀ṣọ́ rí ojú mi. Bí ìwé òfin bá kọ “àṣeyọrí àbọ̀” síbẹ̀, ẹni tó ń kà á yóò gbà pé orí ògiri ni mo há sí, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Eré á dúró gbagidi, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó kàn. Mo ti rí i nínú ìtumọ̀ tí àwọn kan gbìyànjú, olùkópa ń ráhùn pé dáìsì ń fi òun ṣẹ̀sín. Àṣeyọrí onígbèsè ni mo fẹ́ ká máa pè é. Ó ní ohun tó fẹ́ ní odindi, ó sì ti jẹ gbèsè. Nípa dáìsì alára, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó ní ká máa pè é ní kèké gbàgbé pé à ń ṣẹ́ kèké nígbà tí a bá fẹ́ yọ́wọ́ ara wa kúrò nínú ọ̀rọ̀. Agbérékalẹ̀ tó ń ka ọ̀nà 36 kò yọ́wọ́ rárá.

Ìdánwò, tí wọ́n mú fún dídán eré wò kó tó jáde, kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń gbé ẹ̀bi fún ẹni tí kò jẹ̀bi. Nínú ìdánwò, ẹni tó jókòó ṣe é ló ń yege tàbí kùnà. Bí ènìyàn mẹ́rin bá ka òfin kan, tí wọ́n sì ṣì í lóye, òfin ló kùnà. Ìdánrawò kò ṣe é lò, torí àwọn eléré ìdárayá ló ń dán ara wò. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ìdánréwò. Oríṣi méjì ló sì wà tí ìwé náà gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Nínú èyí àkọ́kọ́, agbérékalẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ó sì máa ń purọ́ fún ara rẹ̀ láìmọ̀: ibi tí òfin ti ya, ẹnu rẹ̀ ló fi ń dí i. Nínú ìkejì, ó fún àwọn ẹlòmíràn ní ìwé náà, ó sì lọ. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan, kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Ìdánréwò àìsíńlé ni mo ń pe ìyẹn lọ́kàn ara mi; bí ẹ bá ní orúkọ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá.

Ó ku ìpolongo, èyí tí wọ́n mú fún ìtàn tí àwọn olùkópa kan náà ń bá bọ̀ láti ìjókòó dé ìjókòó fún oṣù tàbí ọdún. Ẹni tó bá ka “ìpolongo wa ti wọ ọdún kejì” yóò béèrè ẹgbẹ́ òṣèlú tí à ń dìbò fún. Ọ̀rọ̀ ogun ni Gẹ̀ẹ́sì mú níbẹ̀, ó bá eré ogun tó bí eré àgbéwọ̀ wá. A ti ń pe ti orí tẹlifíṣọ̀n ní eré àtìgbàdégbà. Ìtàn àtìgbàdégbà á ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wà ní orí kìíní ìwé atọ́nà. Ojú ewé kan ṣoṣo ni Lasers & Feelings tí John Harper gbé jáde ní 2013, ìjókòó kan ló sì máa ń gbà. Irú rẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ìjókòó sì ti wà nínú èdè wa, kò sí ohun tí a fẹ́ dá níbẹ̀.