Kí ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí kì í jẹ ẹran, lè máa jẹ?

Ìbéèrè, láti Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi kì í jẹ ẹran tàbí ẹja, dókítà sì ti ní kí wọ́n dín iyán àti ẹ̀bà kù nítorí àtọ̀gbẹ. Láàárọ̀ àná, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ka 168 mg/dL. Kí ni kí n máa sè fún wọn?

Èsì kìíní:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀fọ́ ni kó pọ̀ jù nínú abọ́ wọn. Èmi a máa ra tẹ̀tẹ̀ àti ewúro ní Ọjà Ọba, màá fi ẹ̀gúsí sè é títí yóò fi ki, màá wá gé wàrà sí i bí ẹni gé ẹran. Ẹ̀wà náà dára níwọ̀nba. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí àwọn ènìyàn ń yìn, ẹ má fi òkèlè ńlá jẹ ẹ́, nítorí pé òun náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Èsì kejì, láti Oǹdó:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn wọn. Ẹni tó ń lo glibenclamide tàbí insulin, tó wá dín òkèlè kù lójijì, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí òógùn bò ó, kí ara rẹ̀ sì máa gbọ̀n. Bó bá jẹ́ metformin ni, ẹ ní kí dókítà yẹ fítámì B12 inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nítorí pé oògùn náà àti àìjẹ ẹran lè jọ dín in kù.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Metformin ni, ẹsẹ̀ wọn sì ti ń kú tipiri láti bí oṣù méjì. Màá mú wọn lọ lọ́la.