Ìró "kọ̀-kọ̀-kọ̀" lẹ́sẹ̀ ọ̀tún Corolla mi: ṣé gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí n pààrọ̀?

Àdùkẹ́ Aláṣọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Toyota Corolla 2005 ni mo ń wà. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ta aṣọ. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn á ti mọ ohun tí ọkọ̀ mi ń fojú rí láàárín àwọn tírélà. Tí mo bá ń rọra lọ níbi gbágungbàgun, nǹkan kan á máa lù "kọ̀-kọ̀-kọ̀" níwájú lápá ọ̀tún. Tí mo bá dé ibi tó tẹ́jú tí mo tẹná, á dákẹ́. Tí mo bá sì gun bọ́ǹpù, á dún "gbì" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Táyà ọ̀tún yẹn ti ń jẹ ní apá inú, apá òde rẹ̀ ṣì dáa.

Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì iwájú lọ́dún tó kọjá, tòkunbọ̀ ni. Ó tún fi búṣì tuntun sí i, kò pẹ́ rárá tí rọ́bà rẹ̀ tún fi ya. Ní báyìí ó ní gbogbo ẹsẹ̀ ló ti kú: kí n ra lówà áàmù méjì, ṣọ́ọ̀kì méjì, pẹ̀lú ráákì sítíárìn (ẹ̀rọ tí sítíárìn fi ń yí táyà). Owó tí mo fẹ́ fi kó ọjà ọdún nìyẹn. Mi ò ní kí ẹ bá mi bú u o, ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń rà kí n tó rà á. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Bàbá Onísípánà:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní kí ènìyàn ra gbogbo rẹ̀ nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan ló ń ké.

Sípíríǹgì ló gbé ọkọ̀ dúró. Ṣọ́ọ̀kì ò gbé ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má máa fò sókè sódò. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ń fi agbára gba ojú ihò wẹ́wẹ́ kọjá, òun ló ń pa ìfò náà. Lówà áàmù ló so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Búṣì ni rọ́bà tó wà ní ìdí rẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ló wà lẹ́nu rẹ̀ lápá táyà. Línkéèjì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọ̀pá ńlá tó dábùú iwájú ọkọ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì, kí ọkọ̀ má baà fì ní kọ́nà.

Ìró tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lù léraléra tí ẹ bá ń rọra lọ, línkéèjì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, kì í sì í wọ́n tó àwọn yòókù. Kí mẹkáníìkì yín tú tọ̀tún tòsì kúrò, kí ẹ fi ọkọ̀ náà rìn díẹ̀díẹ̀ níbi gbágungbàgun kan nítòsí. Tí ìró bá lọ, ẹ ti mú olè. Ẹ má sáré o, torí ọkọ̀ á máa fì.

Ti "gbì" yẹn yàtọ̀. Búṣì tó ya lè ṣe é, rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì náà lè ṣe é. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn lójú kan, kí ẹlòmíràn gbọ́wọ́ lé orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti yọ sókè. Tó bá ń ta kìjí sí i lọ́wọ́, ibẹ̀ ti bàjẹ́.

Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ni ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú, kí ẹ wá fi nǹkan tó lágbára ti abẹ́ rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í, kí ẹnì kan máa wo abẹ́. Tí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì bá ń mì nínú ihò rẹ̀, ó ti kú. Tí òun bá dúró tí táyà ṣì ń mì, ẹ wo bíárìn tí táyà fi ń yí. Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà mú lápá ọ̀tún àti òsì: tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ti ń mì, tai-rọ́ọ̀dù tàbí ráákì ẹ́ǹdì (àwọn irin tó so ráákì mọ́ táyà) ni, kò tíì di ọ̀rọ̀ odidi ráákì. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì tó bá yọ lórí eré, táyà á dojú bolẹ̀, sítíárìn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá ń mì, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ s'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Ní ti Corolla yín, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ lówà áàmù, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó wá ku búṣì tó ń tètè ya. Búṣì kì í yí bíi bíárìn. Ó lẹ̀ mọ́ irin nínú, ó lẹ̀ mọ́ irin lóde, rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń lọ́. Tí mẹkáníìkì bá di bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí táyà ṣì ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, ipò yẹn ni rọ́bà gbà pé òun ń sinmi. Bí ọkọ̀ bá délẹ̀ báyìí, rọ́bà ti lọ́ kí ẹ tó kúrò ní wọ́ṣọ́ọ̀bù, bí ẹni tó ń fi ọrùn wíwọ́ sùn lálaalẹ́. Kò lè pẹ́. Kó fi bóòtù sí i, kó má dì í pa, kó sọ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó fọwọ́ tẹ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà mélòó kan, kó tó wá fún un le. Ọ̀pọ̀ wa ni ọ̀gá wa ò kọ́ ní èyí. Ẹ fi sùúrù sọ fún un.

Ọmọ Araromi:

Bàbá ti sọ ọ́. Ní ti ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ tí àwa ń tà ní Gate n'Ìbàdàn: ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí ẹ fi agbára tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Ó gbọ́dọ̀ wúwo látòkè délẹ̀. Tó bá fẹ́rẹ̀ níbì kan tó sì tún le, ọ́ìlì ti dín. Tí ó bá jẹ́ èyí tó ní gáàsì, á rọra gbéra padà fúnra rẹ̀. Ẹ ká rọ́bà tó bo ọ̀pá náà, torí pé ènìyàn lè nu ọ́ìlì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì kó gbàgbé abẹ́ ibẹ̀. Ọ̀pá tó bá ti dógùn-ún, ẹ má rà á, á gé síìlì rẹ̀ (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò). Kí ẹ sì ra méjì tó bára mu nígbà gbogbo.

Ẹ má gbà kí wọ́n ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Ó ń da ìṣirò ẹsẹ̀ rú.

Dúró Leeds:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ sípíríǹgì wò dáadáa, níbi tó ti jókòó sínú àwo rẹ̀. Ní Bìrìtìkó níbí, ọkọ̀ tó bá ti lé lọ́dún 3 gbọ́dọ̀ ṣe MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin pa láṣẹ) lọ́dọọdún, wọ́n sì máa ń rí sípíríǹgì tó kán níbẹ̀ gan-an, torí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ń jẹ irin. Tiwa nílé ò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù aṣọ pẹ̀lú kòtò lè ṣe é. Ègé tó kán lè wà níbẹ̀ láìjábọ́, á máa dún "gbì".

Àdùkẹ́ Aláṣọ:

Ẹ ṣeun, Olúwa á san yín lẹ́san rere. A tú línkéèjì, ìró lọ pátápátá. Ti ọ̀tún ti gbò dé ibi pé ọwọ́ lásán ń mì í. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì dúró gbọingbọin, sípíríǹgì ò kán. Búṣì ẹ̀yìn lówà áàmù ló ya. Mẹkáníìkì mi gbọ́ ohun tí Bàbá sọ, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ló ti dì í. "Gbì" náà ti lọ. A ò fọwọ́ kan ráákì, a ò ra ṣọ́ọ̀kì. Ó ku táyà tó ń jẹ nínú.

Bàbá Onísípánà:

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Kí ẹ bá mi kí mẹkáníìkì yín. Ẹni tó bá gbà láti kọ́ nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀.

Búṣì tó ya lè jẹ táyà, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ṣe aláínmẹ́ǹtì (títo ìdúró táyà) nígbà tí ẹ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì? Ó di dandan. Ní báyìí tí iṣẹ́ ẹsẹ̀ ti parí, ẹ gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, iye tó wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí wọ́n lò. Tí táyà tó jẹ yẹn bá ṣì ní eyín, ẹ lè máa lò ó lọ. Tí wáyà bá ti ń yọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ gun bọ́ǹpù, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ kí táyà tó gùn ún. Bíréèkì tí a bá tẹ̀ lórí bọ́ǹpù ti tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ná, ṣọ́ọ̀kì ò ní àyè tó láti gba ìyókù.