Èsì: «ayíbírí» fún sípíńdù? Ẹ wo àfòmọ́ iwájú rẹ̀ ná

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Mo ti ka lẹ́tà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tuntun fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Fún ẹni tí kò bá a pàdé: wọ́n ní kí a máa pe sípíńdù, ọ̀pá kúkúrú tó yọ lábẹ́ orí fáílìn-mọṣíìnì àwọn wẹ́dà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, tí wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́), èyí tí wọ́n ń dè sítóònù (àwo tó ń jẹ irin) mọ́, ní «ayíbírí». Wọ́n fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn: «Tú ayíbírí kúrò nínú orí ẹ̀rọ, nù ún, kí o sì tò ó padà.» Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò ní pàtẹ́wọ́ o.

Ó dùn létí, mo gbà. Bí ẹ bá fi sínú ewì, n ó bá yín gbè é. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun èlò la ń wá, a- tó wà níwájú rẹ̀ yẹn ló sì ń yọ mí lẹ́nu látàárọ̀.

Apẹja ló ń pẹja. Akọ̀wé ló ń kọ̀wé. Apànìyàn, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, òun ló ń pa ènìyàn. A- olóhùn àárín kì í jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe kó má sọ ọ́ di olùṣe. Bí sípíńdù bá jẹ́ ayíbírí, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe yíyí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ẹ yọ wáyà kúrò lójú iná (èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ yín ni). Ẹ tú síkúrúù mẹ́rin tó so orí ẹ̀rọ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì fa orí náà jáde. Ohun tí ẹ ó bá nínú gíríìsì dúdú yẹn ni irin eléyín méjì tó ń bu ara wọn jẹ: píníọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu armature (ọ̀pá mọ́tò ẹ̀rọ náà), àti kíráùn tó fẹ̀ tó wà lórí sípíńdù. Ẹni tó bá ti bá mẹkáníìkì ṣeré rí mọ orúkọ méjèèjì láti ìdí ọkọ̀. Iná ló ń yí armature. Píníọ̀n ń fi eyín ti kíráùn. Kíráùn sì ti há mọ́ sípíńdù lọ́rùn pinpin, kò ní ọ̀nà àtirọra, ni sípíńdù bá ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ń yí i ni! Ẹ tún wo bọ́tìnnì kékeré tí a ń tẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ sítóònù: irin ṣónṣó kan ló ń kì bọ inú ihò lára kíráùn. Kíráùn lẹ dì mú, sípíńdù kò sì lè mira mọ́. Bó bá jẹ́ òun ni olùṣe, kí ló ń dúró dè?

Ohun tí a bá fi kún nǹkan ni àfikún. Ohun tí a kàn pọ̀ ni àkànpọ̀. Ẹni tí a yàn fẹ́ ni àyànfẹ́. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ló ń fi ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí hàn. Nítorí náà, bí ẹ bá fi dandan lé e pé a kò gbọdọ̀ pe sípíńdù ní sípíńdù, ọ̀pá àyí ni èmi fara mọ́. À-yí. Ẹ fi àmì sí i o.

Ọ̀rọ̀ bírí pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bírí. Ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn ló ń yí bírí, á wo ẹni tó pè é, á sì dúró. Fáílìn-mọṣíìnì kékeré, ti sítóònù mìlímítà 115 tàbí 125, máa ń yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti mìlímítà 230 tó wúwo, nǹkan bí 6,500. Bírí wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ta òkòtó nígbà èwe mọ̀ pé òkòtó kì í yí bírí, rànyìn-rànyìn ló ń pòòyì. Ẹnì kan tún dá «ayípo» lábàá. Rárá o. Ẹni tó bá yípo ilé, ẹ̀yìn ilé ló gbà kọjá. Sípíńdù kò yípo nǹkankan, ojú kan náà ló wà.

Sí arákùnrin tó ní igi nìkan ni ọ̀pá, kò sì tọ́ sí irin: ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ nílé yín rí pé ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn ni? Igi ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìbọn nílùú tiyín?

Kí n tó fi èyí ránṣẹ́, arábìnrin wa tó ń kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ bi mí ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ní kí n gbé e síta. Ó ní: àfòmọ́ ńkọ́? À- olóhùn ìsàlẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n àfòmọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fò mọ́ igi, kò sẹ́ni tó fò ó mọ́ ọn. Ìbéèrè yìí dùn mí nítorí pé àfòmọ́ gan-an ni orúkọ tí gírámà fún a- àti à- tí à ń jà lé lórí. Mo dá a lóhùn pé fò kì í gba àbọ̀, yí sì ń gbà á, a máa ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní yí náà wà láìní àbọ̀, ayé ń yí. Mo ní ayé kì í ṣe sípíńdù. Ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹni tó bá ní ìdáhùn tó ju tèmi lọ, kó wí.

Ibì kan wà tí mo ti bá Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, n kò sì ní fi bò. Wọ́n kọ «tò ó padà», àwọn kan sì ń bá wọn jà pé «kó o jọ» ló yẹ. Tò ló yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dá sípíńdù padà, ìdérí pẹlẹbẹ tó ń bo bíárìn (òrùka ọlọ́ta tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀) ni yóò kọ́kọ́ fi wọ ọ̀pá, kí bíárìn tó wọlé, kí kíráùn tó tẹ̀ lé e. Bíárìn náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: nígbà tó bá ń wọ ọ̀pá, òrùka inú rẹ̀ la ń tì, nígbà tó bá ń wọ ilé rẹ̀, òrùka òde ni. Ẹni tó bá fi òòlù gbá òrùka òde kó lè wọ ọ̀pá, àwọn ọta inú rẹ̀ ló ń lù, bíárìn tuntun á sì máa ké kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá sì gbàgbé ìdérí, gbogbo ẹ̀ ni yóò tún fi púlà fà jáde. Ìkejì kò gbọdọ̀ ṣáájú ìkíní. Èwo ni kíkójọ níbẹ̀? Yangan là ń kó jọ.

Àmọ́ «òwú irin» tí wọ́n fẹ́ máa pe tírẹ́ẹ̀dì ẹnu sípíńdù (ojú ìlà tó lọ́ yí i ká bíi ti síkúrúù), ìyẹn ni n kò lè gbé mì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn wọ agbádá fún. Òwú wà fún aṣọ. Nínú lẹ́tà wọn, wọn kò tún fi àmì sí i, «owu irin» ni mo rí. Ẹni tó bá kà á ní owú, ọmọ owú alágbẹ̀dẹ ni yóò wá sí i lọ́kàn. Nǹkan tí a lọ́ ni tírẹ́ẹ̀dì. Ìlọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà lè wá lọ sọ fún ẹni tó ń ta ọjà ní Owódé Onírin, ọjà irin l'Ékòó, pé ìlọ́ M14 (ti mìlímítà 14) lẹ fẹ́, kì í ṣe ti 5/8 ínṣì àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó kéré tán, kò ní mú yín lọ sọ́dọ̀ aránṣọ.

Bàbá àgbà mi rọ irin jẹun. Ẹwìrì, ẹ̀mú, ọmọ owú: kò sí orúkọ kankan nínú ilé arọ wọn tó nílò àlàyé. Bí nǹkan bá ti ọ̀dọ̀ òyìnbó dé, wọn a fi orúkọ tó bá a dé pè é, wọn a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ní Jámánì ńkọ́? Ackermann + Schmitt, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ló gbé irú ẹ̀rọ ayára-yí yìí jáde ní 1954. Flex, orúkọ ọjà wọn, ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ náà dòní, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-ìṣe, flexen. Ojú kò tì wọ́n. Kí ló dé tí sípíńdù fi ń ti àwa lójú? (Mo mọ̀ pé èyí ta ko ọ̀pá àyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbè lẹ́yìn. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀.)

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ti ń kọ́ni ní mọfọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, kí n tó mọ ìwé kà, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n nínú èsì yín sí ọmọkùnrin wẹ́dà tó ní «àwa ò pè é bẹ́ẹ̀», ẹ kọ ọ́ pé èdè kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́dà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni sípíńdù wà.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi ayíbírí sínú àkójọ èdè-ìperí wa títí a ó fi gbọ́ ohun tí ẹ ní í sọ lórí a- àti à-.

Àfikún: ẹni tó kọ «bèárìn» nínú lẹ́tà àná, níbo lẹ ti gbọ́ è yẹn?