Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ 2GB fún ìtọ́jú fáìlì ní Òṣogbo: ṣé a lè gbára lé e?

ÒròkíFótò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ fọ́tò ni, lágbègbè Ọlá-Ìyá. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà sì fọ́n káàkiri inú wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ tó 1.3TB, bíi 40GB ló ń wọlé lóṣooṣù. A fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Tòkúnbọ̀ kan wà nílẹ̀: Core 2 Duo, mẹ́mórì DDR2 2GB, ihò SATA mẹ́rin, háàdì dísìkì 160GB. Owó ọwọ́ kò lè ju dísìkì méjì àti UPS kékeré lọ. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé mẹ́mórì kò gbọdọ̀ dín sí 8GB. Ṣé ká pa á tì ni? Ti iná, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ó lè lọ kó sì dé nígbà mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú.

WáyàDúdú

Ẹ má pa á tì rárá. 8GB tí ẹ ń kà yẹn, TrueNAS (ètò ìtọ́jú fáìlì kan) ló ń béèrè rẹ̀, torí ZFS, ìlànà tó fi ń to fáìlì sórí dísìkì, máa ń fi mẹ́mórì kó ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sí ìtòsí. Ká tọ́jú fáìlì lásán kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Debian tí kò ní ojú-iṣẹ́ aláwòrán, pẹ̀lú Samba (tó ń pín fáìlì fún kọ̀ǹpútà yòókù), mdadm (tó ń so dísìkì méjì pọ̀ bí ẹ̀dà ara wọn, RAID1 nìyẹn) àti ext4 (ìlànà tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì), kì í sábà jẹ mẹ́mórì tó 300MB. Ẹrù àfikún ló ń pa irú ẹ̀rọ yìí: ClamAV, tó ń wá kòkòrò kọ̀ǹpútà, nìkan lè gbé ju 1GB mì. Ẹ má gbé e wọ̀ ọ́. Kí àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́rin yẹn máa yẹ kòkòrò wò fúnra wọn.

Dísìkì 2TB á kún láàárín ọdún kan àbọ̀ bí 40GB bá ń wọlé lóṣù, nítorí náà 4TB méjì ni kí ẹ lépa. Ẹ má ra méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó jọ jáde nílé-iṣẹ́ lè jọ kú pọ̀. Kí ẹ tó sanwó fún tòkúnbọ̀, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe `smartctl -a`, àṣẹ tó ń ka ìlera dísìkì. Bí RAW_VALUE ìlà 5, 197 tàbí 198 bá ti ju òdo lọ, ẹ dá a padà. Ìlà 199 yàtọ̀: wáyà SATA ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe dísìkì. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ ṣe `smartctl -t long`, ìdánwò gígùn, kí fọ́tò kankan tó wọ inú rẹ̀.

Debian àti swap 2GB (àyè dísìkì tó ń ran mẹ́mórì lọ́wọ́) ni kí ẹ fi sórí 160GB yẹn. GPT ni kí ẹ fi pín dísìkì 4TB, torí MBR, ọ̀nà pípín àtijọ́, kò ríran kọjá 2TB. BIOS àtijọ́ (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà) lè má lè tan láti orí rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà:

`mdadm --create /dev/md0 --level=1 --raid-devices=2 --bitmap=internal /dev/sdb1 /dev/sdc1`
`mkfs.ext4 -m 1 /dev/md0`
`mdadm --detail --scan >> /etc/mdadm/mdadm.conf`
`update-initramfs -u`

Ẹ má fo bitmap. Tí iná bá já lójijì, òun ló ń jẹ́ kí mdadm mọ ibi tó yẹ kó tún ṣe. Láìsí i, á tún gbogbo 4TB ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí nìyẹn, iná a sì tún ti lọ kó tó parí. `-m 1` ń gba àyè là: 5% ni ext4 máa ń yà sọ́tọ̀, 200GB nìyẹn lórí 4TB. Tí ẹ bá gbàgbé ìlà méjì tó kẹ́yìn, md0 yín lè di md127 lọ́jọ́ kejì. Nínú fstab (fáìlì tó ń sọ dísìkì tí Debian máa so mọ́ra), UUID, nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú `noatime,nofail`.

ÌyáBátìrì

Gbogbo ohun tí WáyàDúdú sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, iná ló máa kọ́kọ́ bá a jà. UPS 650VA, bátìrì 12V 7Ah kan ló sábà wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ń jẹ́ kó gbẹ tán lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Kì í ṣe láti fi ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí kò síná. Láti fi pa server (kọ̀ǹpútà ìtọ́jú fáìlì yìí) bó ṣe yẹ ni. Ẹ ra èyí tó ní ihò USB, kí ẹ gbé NUT, ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, wọ inú Debian, kó máa pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ UPS olówó pọ́ọ́kú máa ń gbọ́ `nutdrv_qx`, dráífà kan nínú NUT.

Ẹ wọ BIOS, kí ẹ yí ohun tó ń ṣe nígbà tí iná bá padà sí Power On. Kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì CR2032 orí bọ́ọ̀dù. Lára tòkúnbọ̀, ó sábà máa ń ti kú. Iná á dé, ẹ̀rọ á dúró dè yín kí ẹ tẹ F1, aago rẹ̀ á sì padà sẹ́yìn, ọjọ́ orí fọ́tò yín á dàrú.

ÒròkíFótò

Ẹ ṣeun gan-an. UPS kékeré tí owó wa ká kò ní USB o. Ṣé kò wúlò mọ́ nìyẹn?

ÌyáBátìrì

Ó wúlò. Ẹ so router kan tí kò ní bátìrì nínú mọ́ iná NEPA gan-an, kì í ṣe UPS, kì í ṣe inverter. Kí server máa pè é. Tí kò bá dáhùn, iná ti lọ nìyẹn. Ẹ fi èyí sí cron, tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí ẹ bá dá, kó máa ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan (192.168.1.1 ni àdírẹ́sì router):

`for i in 1 2 3; do ping -c1 -W2 192.168.1.1 >/dev/null && exit 0; sleep 60; done; /sbin/shutdown -h now`

Ẹ má dín 60 yẹn kù. Tí iná bá kàn ṣẹ́jú lásán, router á tún ara rẹ̀ tan, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Ibì kan wà tó ti lè já yín kulẹ̀: bí iná bá dé kí UPS tó gbẹ, server kò ní mọ̀ pé iná ti lọ rí, kò ní tan fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì ni ẹ máa tẹ̀.

Táyé-n-Kẹ́hìndé

Ìbejì ni RAID1. Ohun tí ẹ bá fún Táyé, Kẹ́hìndé gbà á. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá sì fi àṣìṣe pa rẹ́ lára Táyé, ó ti kúrò lára Kẹ́hìndé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹ fi `vfs objects = recycle` sí Samba, kí ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lọ dúró sínú àpò kan ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá dísìkì USB kẹta, kódà bó bá di oṣù tó ń bọ̀, kó máa sùn nílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ext4 ni kí ẹ fi ṣe é. Hard link (orúkọ kejì fún fáìlì kan náà) ni `rsync -a --link-dest`, àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà, fi ń ṣiṣẹ́, exFAT tó sábà wà lórí dísìkì USB kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí exFAT, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á gba àyè odindi.

Mo fẹ́ràn ZFS, torí ó ń mọ̀ nígbà tí fáìlì bá bàjẹ́ láìsọ̀rọ̀, ext4 kò sì mọ̀ ọ́n. Lórí 4GB, mo lè fi `zfs_arc_max` dè é sí 1073741824 (1GB), láìtan dedup (tó ń wá ẹ̀dà tó jọra láti pa á pọ̀) láéláé. Lórí 2GB, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ máa fi `sha256sum`, tó ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀, ṣe àkọsílẹ̀ fódà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ti parí, kí ẹ máa fi `sha256sum -c` yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta.

WáyàDúdú

Mo fara mọ́ ọn. Ohun kan tí mo gbàgbé: tí ẹ bá ń gbé fáìlì, tí kò sì kọjá 11MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má bínú sí mẹ́mórì. Switch (àpótí tó so wáyà nẹ́tíwọ̀kì pọ̀) 100Mbit ni, tàbí wáyà tí okùn rẹ̀ kan ti já. Lórí gigabit, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 110MB bí dísìkì bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Wáyà Cat5e ni kí ẹ fà, ẹ má gba Wi-Fi.